Ìdánwò Tó Bá Mummy Mu

Ọjọ́bọ̀, 16 Jánúárì

Wọ́n wọn Mummy lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n bínú, torí náà mo ṣe méjèèjì pọ̀.

Láti ìparí ọdún tó kọjá tó ti ṣubú nílé, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn bíi tiẹ̀ láti tún rìn ló wà. Bernice ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ Bernice ni láti mọ ohun tí aláìsàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ọmọ Ghana ni, ìlú òyìnbó níbí, ní Plumstead, ni wọ́n bí i sí, ó ní sùúrù, ó sì ní aago kan lọ́wọ́ tó fi ń ka ìṣẹ́jú.

Ó ní kí Mummy dìde lórí àga, kó rìn dé ibi tí wọ́n lẹ téèpù pupa mọ́ ilẹ̀, kó yí padà, kó wá jókòó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ aago.

Mummy dìde dáadáa. Ó gbé ọ̀pá, ó rìn díẹ̀, ló bá rí bàbá òyìnbó kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó dúró.

"Good morning, sir. How is the leg? God will perfect it."

Inú bàbá dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Aago ń lọ.

Mo ní, "Mummy, ẹ máa rìn jàre, wọ́n ń time yín!"

Ó yíjú sí mi. "Kí n kọjá lára àgbàlagbà bí ewúrẹ́, kí n má kí i? Moráyọ̀, ta ló ń lé mi? A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún."

Nígbà tó fi máa jókòó padà, ohun tí Bernice kọ sílẹ̀ kò dáa. Ó ní ẹni tó bá pẹ́ tó báyìí lè tún ṣubú nígbàkígbà. Mo ní ìkíni ló pẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti kọ ọ́.

Mi ò tíì dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí tí Bọ̀ọ̀dá Gbádé fi pè láti Aberdeen tó jìnnà réré sí wa. Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí kò bá ti ní nọ́ńbà, kò dá a lójú pé ó wà láyé.

"Moráyọ̀, score wo ni wọ́n fún Mummy?"

Mo sọ fún un. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ti rí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan nítòsí òun, ó mọ́ tónítóní, ó ní ọgbà. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé tí wọ́n máa fi pinnu: ilé rẹ̀ ní Thamesmead ni, tàbí Aberdeen.

Mummy ò tíì gbọ́ nípa Aberdeen o. Kọ́kọ́rọ́ ìjọ ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Òun, Mother Keziah wọn, ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún àdúrà àwọn ìyá láàárọ̀ Ọjọ́rú, ní ilé ìkẹ́rùsí tá a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ilé rẹ̀ gan-an. Àwọn ará ìjọ ti ní kó kó kọ́kọ́rọ́ náà fún ẹlòmíràn kó fi sinmi. Ó ní kò rẹ òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Ìbéèrè ló kàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

Bernice ní, láti orí òdo dé mẹ́wàá, báwo ni ìrora náà ṣe tó?

"Zero, in Jesus' name." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń yí ìdí lórí àga, tí ojú rẹ̀ ń fún pọ̀.

Ṣé ó lè dá wẹ̀?

"By the grace of God."

Ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn?

"I can do all things."

Ṣé ẹ̀rù máa ń bà á pé ó lè ṣubú?

"God forbid bad thing."

Níbo ló ti ṣubú lọ́jọ́ yẹn?

"Bathroom."

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí nìkan ló dáhùn tààrà. A ti kan irin ìdìmú méjì mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ nítorí rẹ̀, irin olówó ńlá.

Bernice wò mí pé kí n gba òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwa, ẹni tó bá ní ara ń dun òun ti fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wálé. Ìgbàgbọ́ Mummy ni ìbéèrè yẹn wọ̀n, kò wọn ìbàdí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn sì gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì

Uncle Ṣàmsúdéènì tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwakọ̀. Ọkùnrin tó wa tírélà láti Apápá dé Kánò títí irun rẹ̀ fi funfun! Nínú gbogbo àwọn tí mò ń kọ́ ní mọ́tò wíwà ní Woolwich, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ tó o.

Mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ Common, pápá koríko ńlá yẹn, níwájú bárékè àwọn ṣọ́jà, kí orí rẹ̀ lè wálẹ̀. Ìkùukùu bo gbogbo koríko.

"Madam, wọ́n ní mi ò wo mirror. Mo wò ó now! Ojú ni mo fi wò ó."

"Uncle, examiner ò sí nínú ojú yín. Orí ni kẹ́ ẹ yí kó hàn sí i."

"Kí n máa yírí bí aláǹgbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir. Ẹ máa yírí bí aláǹgbá títí tí wọ́n á fi fún yín ní láísẹ́ńsì."

Ó rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ohun tó bá hàn sí ẹni tó ń dánni wò ló máa kọ sílẹ̀. Mo sì tún ní ọmọbìnrin kan tó gba gbogbo ìbéèrè orí ìwé láìṣì kan, tó dé oríta mẹ́rin tó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Jánúárì

Inú ń bí mi. Wọ́n mú Mummy lọ sí kíṣìnnì tí wọ́n fi ń dán aláìsàn wò. Wọ́n ní kó po tíì, kó yan búrẹ́dì. Mummy tí kò yan búrẹ́dì rí láti ọjọ́ tó ti dáyé! Ó dúró sáàárín ilẹ̀, ó wo sítóòfù dídán tí kò ní ibi tí wọ́n ń yí, ó wo àwọn kọ́bọ́ọ̀dù, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Whose kitchen is this?"

Bernice ní ti gbogbo èèyàn ni.

"Then where is the owner, let me greet her first."

Kò sí ọmọlúwàbí tó máa wọ kíṣìnnì ẹlòmíràn táá máa ṣí ìkòkò kiri. Bernice kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó nílò ẹni tó máa dúró tì í.

Bọ̀ọ̀dá Gbádé fi àwòrán ilé Aberdeen yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù. Aṣọ ojú fèrèsé aláwọ̀ ewé. Mo pè é.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé téèpù télọ̀ lẹ fi ń wọn gàrí ní tiyín ni?"

"Moráyọ̀, jókì kọ́ lèyí. Gbogbo ìgbà tí phone bá ti dún báyìí, àyà mi máa ń já. Sọ fún mi: ta ló máa bá a nílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn?"

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 27 Jánúárì

Háà! Ọjọ́ rere lònìí.

Mo kó gbogbo ẹnu mi lọ bá Bernice. Mo ní, "Sister Bernice, olùkọ́ ìwakọ̀ ni mí. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn mọ àmì ojú pópó, màá bi í ní ìbéèrè. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ríran, màá ní kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wakọ̀, àfi kí n jókòó tì í, kó wà á lójú títì. Kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an nípa ìyá mi?"

Mo ti ń retí kó lé mi jáde. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn!

Ó ní kò sí ìkankan nínú àwọn ìdánwò yẹn tó burú. Ti aago dára tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń le sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ti ìbéèrè dára fún ẹni tó bá máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Ti kíṣìnnì dára fún ẹni tó bá ń yan búrẹ́dì. Ohun tí ìpàdé fẹ́ mọ̀ yàtọ̀: ṣé Mummy lè dá wà nílé ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán láìsí ewu? Ó ní àfi ká lọ síbẹ̀ ká lọ wò ó.

"Mi ò ní bi í pé ṣé ó lè ṣe é," ó ní. "Màá ní kó fi òwúrọ̀ rẹ̀ hàn mí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá obìnrin náà mọ́ra. Orin ni mo kọ délé, tí awakọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi níbi iná pupa sì ń wò mí bí ẹni tó ń ṣiwèrè. Kó máa wò.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì

Òjò. Iṣu kan ṣoṣo ti di pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ní Woolwich. Mo ra ògì, mo kó o sínú fíríìjì Mummy, mo sì nu ilé.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Mo ti bà á jẹ́. Èmi Moráyọ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi!

Bernice gbé Mummy wá sílé fún òwúrọ̀ kan. Mummy wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó fọwọ́ pa ògiri lára, ó ní, "Ilé mi." Omi bọ́ lójú èmi náà. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó wo Bernice.

"Moráyọ̀, gbé omi wá fún àlejò."

Kó tó pa ẹnu dé, omi ti dé. Ó ní òun fẹ́ ro ògì. Kó tó gbé ọwọ́ lé apá àga, mo ti gbé omi kaná. Ìwé orin rẹ̀ já bọ́, mo ti he é. Ó kàn yí ọrùn síbí, mo ti dìde. Gbogbo bí mo ṣe ń fò sókè sódò yìí, Bernice jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń kọ̀wé.

Nígbà tó yá ó ní, wọ́ọ́rọ́wọ́, "Ta ni a wọ̀n lónìí, Moráyọ̀?"

Mo ní, "Mummy ni."

"Ìwọ ni. O sì gba máàkì tó pọ̀ gan-an."

Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe, kí n jókòó fẹ̀ kí ìyá mi máa dúró nídìí iná? Mummy náà gbè mí lẹ́sẹ̀: "If she sit down and look me, I will ask who is the mother that trained her. And the mother is me."

Bernice rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun tún lè bẹ̀bẹ̀ fún lọ́fíìsì kí ìpàdé tó dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Mo ti rí i! Inú ọkọ̀ ló ti wá sí mi lọ́kàn, nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, níbi tí mo ti ń jẹ ìrẹsì ọ̀sán kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn tó dé.

Tí mo bá ń múra ẹnì kan sílẹ̀ fún ìdánwò, mo máa ń ṣe bí examiner. Màá wọ kóòtù dúdú, mi ò ní rẹ́rìn-ín, mi ò ní sọ ju "ẹ yà sọ́tùn-ún" lọ. Láìpẹ́ wọn á gbàgbé pé èmi ni.

Mo lọ bá Mummy nírọ̀lẹ́ nílé ìwòsàn. "Mummy, ní Wednesday tó ń bọ̀, èmi kì í ṣe ọmọ yín o. Examiner ni mí. Ẹ ò gbọdọ̀ rán mi níṣẹ́, èmi náà ò gbọdọ̀ dìde."

"Examiner tí mo fún lọ́mú?"

"Òun gan-an, ma."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú. Mo ní ṣé ó ń dùn ún ni.

"Zero," ó ní, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ ti Aberdeen fún un. Ó yẹ kó mọ ohun tí ìpàdé yẹn lè pinnu. Ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. "Wọ kóòtù rẹ dáadáa," ó ní.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Kí n má gbàgbé ìkankan.

Mo wọ kóòtù dúdú. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Bernice, mo sì fi itan tẹ ọwọ́ mi méjèèjì mọ́lẹ̀. Mummy wò wá, ó ní, "Good morning, examiners," ó sì kọjá lọ.

Ẹ wá wo ìyá mi! Ó lọ sílé ìwẹ̀, ó bọ́ síta, aṣọ rẹ̀ mọ́, gèlè rẹ̀ dúró. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sídìí sítóòfù, ó jókòó ro ògì, kò ní kókó kankan. Nígbà tó fẹ́ gbé ìkòkò kúrò, mo rò pé ó ti parí nìyẹn, torí ọ̀pá wà lọ́wọ́ kan. Kò gbé e! Ó rọra tì í lórí pákó kíṣìnnì láti ibì kan dé èkejì títí tó fi kan abọ́. Bernice gún mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ó ní kò sí ẹni tó kọ́ ọ, Mummy fúnra rẹ̀ ló ronú ẹ̀. Ó jẹun, ó fọ abọ́, ó yẹ iná wò, ó sì tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bernice ní kí ni yóò ṣe tí àjèjì bá kan ilẹ̀kùn. "I will ask his mother's name," Mummy ní, "and I will not open." Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi wà lábẹ́ itan.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ibi àdúrà. Igun pálọ̀ ni: tábìlì kékeré kan, aṣọ funfun, Bíbélì, àbẹ́là. Mummy bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró níwájú tábìlì náà, ó gbà á mú, ó gbàdúrà kúkúrú, ó sì yí padà.

Ó gbàdúrà lórí ìdúró.

Láti kékeré mi, orí eékún ni mo mọ Mummy sí. Ó gbàdúrà lórí eékún nígbà tí bàbá wa kú. Lórí eékún ló wà nígbà tí mò ń rọbí. Mo gbàgbé pé examiner ni mí.

"Mummy, kí ló dé tí ẹ ò kúnlẹ̀?"

Ó jókòó, ó ń fọwọ́ na etí ìró rẹ̀. Mo tún béèrè.

"Ibẹ̀ ni," ó ní.

"Ibẹ̀ ni kí ni?"

"Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Kì í ṣe bathroom. Mo ti kúnlẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo di tábìlì yẹn mú kí n fi dìde, tábìlì sún." Ó nu ojú. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn ará ambulance, fún ìjọ, pé níwájú Ọlọ́run, lórí eékún, ibẹ̀ ni Mother Keziah ti ṣubú? Ṣé wọn ò ní ní àdúrà mi ò gbà ni?"

Èmi tí mo kan irin mọ́ ilé ìwẹ̀! Mo dìde, mo lọ dì mọ́ ọn, ìdánwò kó lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ti dá gbé ìtìjú yìí láti Kérésìmesì.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bernice. Mo rò pé yóò kọ ọ́ pé ewu wà, kó sì lọ. Ó dìde, ó lọ mi tábìlì náà, ó sún. Ó yíjú padà, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé.

"A ti rí i," ó ní. "Ohun tó yẹ ká wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá nìyí."

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Gbádé.

"Moráyọ̀, o ò rí i pé ó tún le sí i? Bathroom, a lè kan irin mọ́ ọn. Ta ló máa ní kí Mummy má kúnlẹ̀? Ojoojúmọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni nǹkan yìí máa máa ṣẹlẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde."

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin?"

"Uncle Ṣàmsúdéènì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo mirror."

Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á wọ ọkọ̀ òfuurufú wá fi ojú ara òun wò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ gbà á láyè láti kúnlẹ̀, tó bá ti tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n bá kọ́ ọ. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀, wọ́n gbé àga wíwúwo kan ti ògiri. Ó kúnlẹ̀, kò lè dìde. Àwọn méjì ló gbé e. Ó ní kí n má wo òun.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Ẹsẹ̀ tó le síwájú, ọwọ́ méjèèjì lórí àga, kó mí, kó tì. Ó dìde! Ẹnì kan ló dì í lẹ́yìn, pẹ̀lú ìka méjì péré. Mummy kọrin, bàbá òyìnbó ọjọ́sí pàtẹ́wọ́ láti ọ̀ọ́kán. Mo gba ọ̀nà odò lọ sílé, atẹ́gùn fẹ́ mi bí aṣọ orí okùn, mi ò kà á sí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

UNCLE ṢÀMSÚDÉÈNÌ YEGE! Ó ní òun yí orí débi pé examiner béèrè bóyá ọrùn ń dun òun. Ó gbé adìyẹ yíyan wá fún mi.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Bọ̀ọ̀dá Gbádé dé lánàá. Ó jókòó sórí sófà Mummy láàárọ̀ yìí nínú súùtù, láàárín èmi àti Bernice. A ti gbé tábìlì yẹn jù nù. Àga ńlá tó jẹ́ ti bàbá wa la gbé síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, àwa mẹ́ta ti gbìyànjú láti sún un, kò mira. Bíbélì wà lórí pẹpẹ. Bernice fẹ́ kó wọ bàtà, Mummy ní kò ṣeé ṣe láé ní ibi mímọ́. Wọ́n jọ gbà sí ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwòsàn, èyí tó ní rọ́bà lábẹ́. Bọ́tìnnì ìpè-fún-ìrànlọ́wọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú.

Mo sọ òfin fún Bọ̀ọ̀dá. Mo ní kó fi itan tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, ó sì ṣe é.

Mummy kúnlẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé iwájú orí lé àga, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún dókítà. Ó gbàdúrà fún Bernice, àti fún ilé ọkọ Bernice tí Bernice kò tíì ní. Ó gbàdúrà fún gbogbo èèyàn tó ń kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ mi. Ó gbàdúrà fún Gbádégẹṣin, kí ìbẹ̀rù má gba oorun lójú rẹ̀ mọ́. Ó gùn. Bernice kò wo aago lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àmín. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé àga. Ó mí. Ó tì.

Ó dé ìlàjì, eékún rẹ̀ gbọ̀n, ó sì padà sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ti fò dìde. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bọ́ síta lábẹ́ itan, mo fi gbá etí súùtù rẹ̀ mú, mo fà á jókòó. Ó jà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ga bí ọ̀pẹ ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Moráyọ̀, leave me, Mummy mi ni!" Mo ní, "Mummy tèmi náà ni. Jókòó!" Èmi tí mi ò fi ẹ̀ẹ̀kan sọ "jókòó" fún un rí láyé mi.

Mummy kò yíjú padà. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí o," ó ní.

Ó sinmi. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó tún ẹsẹ̀ tò, ó fà á sún mọ́ ara díẹ̀ sí i, ó gbé ọwọ́ kejì sí ibi tó fẹ́. Ó tì.

Ó dìde. Ó dúró. Ó tún gèlè ṣe. Ó wá yíjú sí wa, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀, ó sì wo Bernice.

"Madam, have you measured it?"

Bernice fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo retí kí Bọ̀ọ̀dá béèrè pé mélòó ni ó gbà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí káríẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú súùtù rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí Mummy fi ní kó dìde.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Fẹ́búárì

Ilé! Ilé! Ilé ni wọ́n ní kó lọ! Ẹnì kan máa wá yọjú sí i ní ìrọ̀lẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè níbi ìpàdé pé òun fara mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Oòrùn yọ, àmọ́ òtútù ṣì wà. Mo fagi lé iṣẹ́ àárọ̀, mo lọ páàkì sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Mummy kò ti ní rí mi. Ó rí mi. Ó ń bọ̀ láti ilé nínú aṣọ funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, ó dúró kí ìyá kan tó jókòó ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo rò ó pé tí aago Bernice bá wà níbí, yóò ti sunkún.

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sílẹ̀.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti kan ilẹ̀.

Mo gbé e padà wọlé. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Mummy wo ilẹ̀, ó di irin ilẹ̀kùn mú, ó fi eékún kan kanlẹ̀, ó he kọ́kọ́rọ́, ó sì dìde. Ó ṣílẹ̀kùn. Kó tó wọlé ó bọ́ bàtà, ó yíjú sí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ju ọwọ́ pé kí n máa lọ síbi iṣẹ́.